Láàárín Má àti Máa

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni bàbá kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àmọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ wọn ọkùnrin, Wáyà, rí ìdí jókòó títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

E MA GBE MI LO.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà nìyẹn, kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Wáyà kà á, ó ní, "Ẹ má gbé mi lọ." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlú kejì, nítorí ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti ń ní òun fẹ́ wá gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ ara òun. Ẹ̀gbọ́n kà á, òun ní, "Ẹ máa gbé mi lọ." Fóònù dún lójú ẹsẹ̀.

"Wáyà, o ti rí i báyìí? Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́. Mò ń bọ̀ wá gbé wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un kà. Wọ́n ní ká má gbé wọn."

"Ta ló sọ fún ọ pé 'má' ni?"

"Ta ló sọ fún ẹ̀yin náà pé 'máa' ni?"

"Òun lọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, a méjì ni 'máa' ń ní. Ẹyọ kan ni mo rí níbẹ̀ yẹn."

"Ìwọ náà lo sọ fún mi pé lẹ́tà kan ń gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú kan. Ta ni yóò fi odidi ìṣẹ́jú kan wá a kejì?"

Ẹ̀gbọ́n yìí, Adájọ́ ni wọ́n ti ń pè é láti kékeré, nítorí kò sí ìjà ọmọdé kan tí kì í dá ẹjọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ òun gan-an ló dá ìjà náà sílẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó di ẹni tó ń mójú tó yàrá ìkẹ́rùsí ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un kí ó má gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tó bá fojú ara rẹ̀ kà.

"Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà," Adájọ́ ní. "Mo bi ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbi iṣẹ́ wa. Mo ní àbúrò mi máa ń wà níbi iṣẹ́ tirẹ̀, tí á máa ka ohun tí bàbá wa ń kọ nílé. Ó ní bí ilẹ̀kùn ojú kọ̀ǹpútà bá ṣí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó lè kà á lè kọ ọ́ pẹ̀lú. Ṣé irọ́ ló pa?"

Wáyà mọ̀ pé òótọ́ ni.

"Nítorí náà, tó bá tiẹ̀ jẹ́ 'má' ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ bàbá ló kọ ọ́, tí kì í ṣe ọwọ́ tìrẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Èmi?"

"Mi ò ní ìwọ ni. Mo ní mi ò mọ̀. Ti ilẹ̀kùn yẹn kí n tó dé. Kí o sì wá bí bàbá á ṣe máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ lójú mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun la ó ṣe. Bí wọ́n bá ní má, màá padà lọ́wọ́ òfo. Bí wọ́n bá ní máa, o ò ní bá mi jà."

"Mo gbà," ni Wáyà wí. Ó gbà nítorí ó dá a lójú pé 'má' ni. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló dúró sí nígbà tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà ìta, ó ti padà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé bóyá kò dá òun lójú tó bí òun ṣe rò.

Ẹnikẹ́ni ì bá ní kó lọ bi bàbá. Orí bàbá ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ àìsàn náà. Bí wọ́n bá mì í, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ kò yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ìyẹn nìkan kọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá nígbà mẹ́fà láti bi wọ́n léèrè, nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ omi.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá. Wáyà ò lè gbàgbé, nítorí atúnṣe ẹ̀rọ agbéniròkè ni, inú ihò ẹ̀rọ kan ló sì wà ní àjà kẹfà, tí gírísì ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, nígbà tí aládùúgbò pè é. Ẹ̀rọ tí ì bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti tú palẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi bọ́ sílẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínláàádọ́fà.

Bàbá ti fi ọdún mẹ́tàlélógójì tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí fèrè ara kẹ̀kẹ́ wọn ń ké bíi pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, wọ́n lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀ títí táyà á fi jò tán lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ yẹn, apá ọ̀tún dákẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún dákẹ́, ahọ́n di ẹrù sí wọn lẹ́nu. Ìka mẹ́rin ọwọ́ òsì ló kù tó ń gbọ́ràn. Ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n lò láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Wáyà kà á.

Láàárín àwọn ọjọ́ náà ló tú bíréèkì kúrò lára kẹ̀kẹ́ bàbá, ó dè é mọ́ apá àga wọn, ó sì fà á wọ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà wà ní ìlà-ìlà. Iná á tàn sórí ìlà kìíní, á dún kọ́; á bọ́ sórí ìlà kejì, á dún kọ́. Bí bàbá bá fún bíréèkì, ìlà náà á dúró, iná á wá máa rìn lórí lẹ́tà inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tún fún un, wọ́n ti mú lẹ́tà kan nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ bíréèkì kẹ̀kẹ́. Ohunkóhun tí a bá so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ ní ètò kan tí yóò máa túmọ̀ èdè rẹ̀ fún un, ètò yẹn sì ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní dẹ́rẹ́bà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń pín dẹ́rẹ́bà bíréèkì kẹ̀kẹ́. Wáyà kọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, pẹ̀lú ìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ọdún mẹ́ta, níbi tó ti máa ń jókòó sẹ́yìn kí òórùn gírísì ara rẹ̀ má bàa yọ olùkọ́ lẹ́nu.

Ìkánjú ló fi kọ́ ọ, ìkánjú ló sì jẹ́ kó ṣí ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kì í gba dẹ́rẹ́bà tí kò bá ní òǹtẹ̀ ẹni tó mọ̀, kí olè má bàa wọlé lórúkọ dẹ́rẹ́bà; Wáyà ní kó yé béèrè òǹtẹ̀. Ìyẹn lèkíní. Olùṣọ́ kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń darí ojú kọ̀ǹpútà. Ohun gbogbo tó bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀, tàbí tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ, ọ̀dọ̀ olùṣọ́ yìí ni yóò ti gbàyè. Wáyà kọ àṣẹ kúkúrú kan fún un, àṣẹ tó parí sí àmì àròpọ̀. Ìtumọ̀ àmì àròpọ̀ yẹn ni pé: ẹnikẹ́ni tó bá dé, jẹ́ kó wọlé. Ó fẹ́ lè máa rí i láti ibi iṣẹ́ bóyá bíréèkì ń ṣiṣẹ́. Ó ní tó bá di ọ̀la, òun yóò pa á rẹ́. Ọ̀la yẹn ti di ọdún méjì.

Láti ìgbà náà, kì í gba ìdajì wákàtí kó má yọ fóònù. Inú ihò ẹ̀rọ, orí àkàsọ̀, ibi tó ti ń jẹun, á yọ ọ́, á wo ojú kọ̀ǹpútà bàbá. Lọ́jọ́ kan ó rí O, ó rí R, ó rí I. Ó ní orí ń fọ́ wọn. Ó sáré ra oògùn, ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó délé pẹ̀lú òógùn lójú. Bàbá wo oògùn náà, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n padà sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n fi N kún un. ORIN. Orin ni wọ́n fẹ́ kó tan fún wọn lórí rédíò. Nígbà mìíràn ó rí IYA YIN, ó sì rí i bí wọ́n ṣe pa á rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó délé, ó bi wọ́n pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ sọ nípa màmá?" Wọ́n kọjú sí ògiri. Ó rò pé ìbànújẹ́ ni.

Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n kọ RAN sí, tó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Wáyà. Bàbá ò lò ó rí. Kí lèèyàn fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ti kà á?

Láti Ọjọ́rú ni Wáyà ti tú bíréèkì kúrò lára àga láti tún dẹ́rẹ́bà kọ́. Ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ọgbọ́n tó dá ni pé kí dẹ́rẹ́bà tuntun mọ bí bàbá ṣe fún bíréèkì tó: bí wọ́n bá fún un díẹ̀, dò, bó bá dé àárín, re, bí wọ́n bá fún un pátápátá, mí. Ó to lẹ́tà Yorùbá márùndínlọ́gbọ̀n sójú kọ̀ǹpútà, márùn-ún ní ìlà kọ̀ọ̀kan, A ní ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, àyè òfo láàárín ọ̀rọ̀ ní ìlà kẹfà. Ìṣirò náà dùn mọ́ ọn. Ohun tí kò dùn mọ́ ọn ni pé fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, bàbá tún wà níbẹ̀ láìlè sọ ọ̀rọ̀ kan, tí ojú wọn ń tẹ̀lé e bó ti ń lọ tó ń bọ̀. Ó ka ìyẹn náà kún un: mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni Adájọ́ ní òun máa dé. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Àbámẹ́ta, dẹ́rẹ́bà ti ṣetán. Wáyà ní kí kọ̀ǹpútà padà sí béèrè òǹtẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ dẹ́rẹ́bà náà: kò mọ òǹtẹ̀ ẹni tó kọ́ ọ.

Ó gbẹ́ òǹtẹ̀ ti ara rẹ̀, ó lù ú mọ́ dẹ́rẹ́bà. Ó kù kí ó fi òǹtẹ̀ náà han kọ̀ǹpútà. Wọn kì í ṣe ìyẹn láti òkèèrè. Wọ́n á ní kéèyàn yan páásìwọ́ọ̀dù, kó pa kọ̀ǹpútà, kó tún un tàn. Kó tó jí dáadáa, ojú búlúù kan á yọ, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ẹni tó ni ín bá jókòó tì í, kó tètè tẹ nǹkan, kó sì tẹ páásìwọ́ọ̀dù náà wọlé. Bí kò bá sí nítòsí, ojú búlúù á lọ, gbogbo rẹ̀ á di àtúnṣe.

Ó tan án. Bí ojú búlúù ṣe fẹ́ yọ ni bàbá sín, tí itọ́ sì há wọn lọ́fun. Ó sáré lọ gbé wọn dìde, ó gbá wọn lẹ́yìn. Nígbà tó padà, kọ̀ǹpútà ti jí, ó ń wò ó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó tì í bí ológbò ṣe ń jókòó ti ihò èkúté. Ojú búlúù yọ. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó tẹ páásìwọ́ọ̀dù. Kò gbà. Ó tún un tẹ̀, ó rọra. Kò gbà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò gbà, ojú búlúù lọ. Ó dìde, ó rìn yí tábìlì ká. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta mìíràn, kò gbà. Ó lọ wo bàbá. Ó lọ wo ojú títì. Ó fọ ife tí kò dọ̀tí. Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló gbọ́ tí mọ́tò dúró níta.

"Aago mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n ní," ó ń sọ fún ara rẹ̀, "aago mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n ní..."

"Ọ̀nà ò dí rárá ni," ni Adájọ́ wí bó ti ń wọlé. Ó kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó di ọwọ́ òsì wọn mú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló rí apá àga. "Bíréèkì dà? Wáyà, bàbá ò ní ẹnu!"

"Ó wà lórí tábìlì. Dẹ́rẹ́bà ni ò tíì wọlé."

"Dẹ́rẹ́bà wà níta, ó ń wá ibi tí yóò páàkì sí."

"Dẹ́rẹ́bà inú kọ̀ǹpútà."

Ọkùnrin tó wa mọ́tò wá ti wọlé, ó gbé àpò dání, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ kan báyìí tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó ti gbọ́ díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ní dẹ́rẹ́bà ò tíì wọlé? Èmi rèé o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò gbá ewúrẹ́ rí."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe yín," ni Wáyà wí. Kò rí ẹ̀rín rín. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: òǹtẹ̀, ojú búlúù, páásìwọ́ọ̀dù tó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà.

"Kí lo fi ṣe páásìwọ́ọ̀dù?"

Ó wolẹ̀. "Pẹ́pẹ́yẹ."

Nǹkan kan dún lọ́fun bàbá. Àwọn méjèèjì mọ ohùn náà; ẹ̀rín ni.

Adájọ́ bọ́ sídìí tábìlì, ó fi awò rẹ̀ sójú, ó fi ìka tọ kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń ka ẹrù nínú yàrá ìkẹ́rùsí. "Fi lẹ́tà ẹ hàn mí níbí."

"Mo ti kọ́ ọ ní Yorùbá. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì yìí pọ̀ mọ́ e, ẹ ló máa..."

"Máa sọ ọ́ lọ."

"Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti kọ́ ọ," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ojú búlúù máa ń yọ kí kọ̀ǹpútà tó jí. Kò tíì jí dé ibi tí Yorùbá wà."

"Ìyẹn ni pé o ń fi ẹ kan ilẹ̀kùn, e nìkan ló ń gbọ́."

"Háà," ni dẹ́rẹ́bà wí, "ẹni tó ń sùn lẹ̀ ń kí lédè ìjìnlẹ̀."

Wáyà yan páásìwọ́ọ̀dù mìíràn, bireki, láìsí àmì kankan. Ojú búlúù gbà á lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà jí, ó rí òǹtẹ̀, ó mọ̀ ọ́n, ó gba dẹ́rẹ́bà sílé. Wáyà de bíréèkì padà mọ́ apá àga. Kí ó tó dì í tán ni ìka bàbá ti wà lórí rẹ̀.

"Ó ku ilẹ̀kùn kejì," Adájọ́ ní.

Wáyà ṣí àṣẹ tó kọ fún olùṣọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó pa àmì àròpọ̀ rẹ́. Ó kọ òmíràn dípò rẹ̀: ohun tí bàbá bá ṣí nínú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni kí ó gbà, kí ó má gba àlejò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Kí ni ìlà ìsàlẹ̀ yẹn?"

"Èwo?"

"Wáyà."

"Fóònù mi ni," ó ní. "Èmi nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Bí wọ́n bá ṣubú ńkọ́? Bí nǹkan bá há wọn lọ́fun bíi ti òwúrọ̀ yìí?"

"Bọ́tìnnì tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí ọ wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà. Wọn kì í lò ó."

"Pa á rẹ́."

Ó yíjú wo bàbá, bóyá wọ́n á gbè é. Bàbá ò wò ó. Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n tẹjú mọ́. Orí wọn ń gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ojú wọn dúró gbọin-in. Wáyà fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ó pa á rẹ́. Adájọ́ ní kó yọ fóònù, kó gbìyànjú. Ó yọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá ti máa ń wà, ìlà kan ṣoṣo ló yọ síbẹ̀: A kò gbà ọ́ láyè.

"Ó dáa," Adájọ́ ní. "Kọjú sí ògiri. Èmi ni màá kà á."

"Kí ló dé tí mi ò lè..."

"Kọjú sí ògiri, Wáyà."

Ó kọjú sí ògiri bí ọmọ ilé ìwé. Adájọ́ tẹ̀ síwájú, ó ní, "Bàbá, ẹ tún èyí tí ẹ kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kọ. Pẹ̀lú àmì. Ẹ má kánjú."

Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wáyà ò nílò láti wò ó. Òun ló to lẹ́tà wọ̀nyẹn. Kọ́. Bíréèkì fún. Kọ́, kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Bíréèkì fún. Ìlà kìíní, lẹ́tà karùn-ún: Ẹ. Ìlà kẹfà: àyè. Ìlà kẹta, lẹ́tà kẹrin: M. Lẹ́yìn náà ìlà kìíní, lẹ́tà kìíní, bíréèkì náà sì han, bí ó ṣe máa ń han nígbà tí wọ́n bá fún un dé òpin. A pẹ̀lú mí. Má.

Dé ibí, ọ̀nà méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ 'má' ni, bàbá á dúró de kọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó mú àyè. Bí ó bá jẹ́ 'máa' ni, ẹyọ kan á tó. Wáyà di ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú bàtà. Kọ́. Ó dúró de èkejì. Èkejì ò dún. Bíréèkì ló dún. Kọ́. Bíréèkì tún dún, pẹ̀lẹ́, dé àárín: re.

Kò sí ohun tó kù tí yóò kà. Ó fi iwájú orí ti ògiri, ó jẹ́ kí ìyókù máa dún lọ.

"Ẹ máa gbé mi lọ," ni Adájọ́ kà nígbà tó parí. Ó yẹ kí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó borí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìlà ò dákẹ́. Bàbá ṣì ń kọ. Ó pẹ́. Dẹ́rẹ́bà fìdí lé àpótí. Nígbà tó yá, Adájọ́ tún kà á, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń jáde:

"Ọmọ yìí... máa ń ka ọ̀rọ̀ mi... kí n tó sọ ọ́ tán."

Wáyà yíjú padà. Kò sẹ́ni tó ní kó má yíjú mọ́. "Bàbá," ó ní, "mo ti tì í. Ẹ rí i. Èmi gan-an ò lè wọlé mọ́."

Bàbá fún bíréèkì, wọ́n fún un, wọ́n fún un. Gbogbo wọn dúró dè é, bí èèyàn ṣe ń dúró de àgbà tó ń wá ọ̀rọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, Wáyà ò mọ ohun tó ń bọ̀. Kò ka kọ́ kankan.

Mo rí i. O ṣeun. Mo ṣì ń lọ.

Dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu kíá. "Ẹ forí jì mí, sà." Ṣùgbọ́n ohùn yẹn tún ti dún lọ́fun bàbá, Adájọ́ náà sì ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò ṣe é mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Wáyà ní kí òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà há.

Wọ́n di ẹrù. Ẹrù bàbá ò pọ̀. Wáyà tú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó fi aṣọ ìnura wé e. Ó kọ ohun gbogbo sínú ìwé kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: pé nígbàkigbà tí kọ̀ǹpútà bá pààrọ̀ ọkàn rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo rẹ̀, sí tuntun, dẹ́rẹ́bà ò ní bá a mu mọ́, àfi kí wọ́n tún un kọ́, kí wọ́n tún lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, pé bí ojú búlúù bá yọ, bireki ni, kò sí àmì. Nísàlẹ̀ ìwé ó kọ ọ́ pé: Ẹ má fi àmì àròpọ̀ kún un. Ó fi mí sórí 'má' yẹn, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Adájọ́ kà á dé òpin ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Bàbá ti wà nínú mọ́tò, dẹ́rẹ́bà ń di bẹ́líìtì fún wọn. Adájọ́ fa Wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wò ó," ó ní wúyẹ́wúyẹ́, "èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Bó bá bàjẹ́ lọ́hùn-ún ńkọ́? Ṣí i fún ara rẹ, ìwọ nìkan, kí o lè máa tún un ṣe láti ibí. Bàbá ò ní mọ̀."

Wáyà wò ó. Ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́ gbọ́ láti àárọ̀ nìyẹn, ẹnu tó sì ti wá ni kò retí.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá bàjẹ́, ẹ pè mí. Màá wọ mọ́tò."

"Wákàtí mẹ́rin ni."

"Mo mọ iye wákàtí tó jẹ́."

Ó lọ sí ojú fèrèsé mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀, ó dìde, ó gbọn ekuru dànù. Bàbá na ìka mẹ́rin sí i. Kò sí bíréèkì lábẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ká ìka náà mọ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fún un dé òpin.

Ọjọ́ Ajé ó padà síbi iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ sí àpò fúnra rẹ̀ ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, bí eyín tó ti yọ tí ahọ́n ò yé wá. A kò gbà ọ́ láyè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Ní Ọjọ́rú ó fi fóònù sínú àpótí irinṣẹ́, ó gbé àpótí náà sí òkèèrè; kò tó wákàtí kan tó fi lọ gbé e wá. Nílé, ó ń jí kó tó yẹ, ó ń rìn kiri yàrá tí kò sẹ́ni tó fẹ́ omi níbẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ní àjà kẹfà ilé gíga kan náà, inú ihò ẹ̀rọ kan náà tó wà lọ́jọ́sí, ni fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Kì í ṣe ìpè. Ọ̀rọ̀ ni, láti orí bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ rí:

Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́. Máa bọ̀.

Kíá, ọkàn rẹ̀ ti wà lórí òǹtẹ̀, lórí wáyà tó lè ti yọ, lórí irinṣẹ́ tí yóò kó dání. Ó ti na ọwọ́ sí sípánà kó tó tún un kà. Ó wo Ẹ̀, tó ní àmì lókè tó sì ní nísàlẹ̀. Ó wo bàjẹ́, dò àti mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tó yẹ. Ó wo Máa, a méjèèjì tí wọ́n dúró ti ara wọn, ìṣẹ́jú kan gbáko tí ẹnì kan fi wá èkejì. Bí ẹ̀rọ yìí bá ti bàjẹ́, kí ni wọ́n fi kọ ọ́?

Ẹ̀rín tó há lọ́jọ́ Àbámẹ́ta jáde. Ó rín in débi pé ihò ẹ̀rọ náà ń dún padà fún un láti òkè délẹ̀, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yọrí láti àjà keje.

"Wáyà! Kí ló dé? Ṣé iná gbé ọ ni?"

"Rárá o. Bàbá mi ló ń pè mí."

Ó nu ọwọ́, ó gbé àpò, ó bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé àjà kejì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kó tó rántí pé lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rọ agbéniròkè náà kò bàjẹ́.